Ohùn Tó Wà Nínú Wàláà

Ọmọ náà na ìka, ó fi wọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó sì dúró, ó ń retí. Nígbà tí kò rí ohun tó ń retí, ó tún un wọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹ ìka náà mọ́ ọn débi pé awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó náà sún, ètè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eyín rẹ̀ sì yọ síta. Ìgbà náà ni Tẹniọlá yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì," ó wí, "eléyìí ti bàjẹ́."

Ìbíyẹmí fa ọwọ́ ọmọ náà kúrò lójú arúgbó.  Àwọn òbí tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú gbọ̀ngàn Ilé Ìwọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń wọn bí ọmọ ṣe fẹ́ràn ìwé tó, tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tẹ́lẹ̀, gbójú sílẹ̀, kálukú wá ń wo ọmọ tirẹ̀ tìfura-tìfura.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìyá àgbà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Màmá Ìkọ̀lé ni wọ́n ń pè é, òun ló bí Ìbíyẹmí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Tẹniọlá ló ti ń tọrọ àṣẹ àtiwọ Orí-Odò, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó lẹ́yìn tí òkun ti gba ilẹ̀, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ èbúté sì ń dá a padà bí ẹrù tí kò lólúwa. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà á wọlé lọ́tẹ̀ yìí ni pé òfin ní kí ẹni tó ni ohùn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìwọ̀n ọmọ. Kò tíì nu iyọ̀ òkun kúrò lójú tó fi ní kí wọ́n mú òun lọ bá ọmọ ọmọ òun. Bó ṣe rí i, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń ro ó, ó la apá, ó ní, "Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ọmọ mi, ọmọ tí a wẹ̀ tán tí a ró láṣọ." Ọmọ náà gbọ́, ojú rẹ̀ tàn, ó sáré tọ̀ ọ́ wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ibi tó dára dé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló na ìka.

"Ìbíyẹmí," Màmá Ìkọ̀lé wí, kò tíì dìde, "kí lọmọ yìí ń wá lójú mi?"

"Ojú ewé ni, Màmá. Ó ń ṣí ojú ewé."

"Ojú ewé kí ni? Ṣé mo jọ ìwé ni?"

Ìbíyẹmí fi ẹnu júwe wàláà tó rọ̀ mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, pẹlẹbẹ dúdú kan tí okùn rẹ̀ ti gbó nítorí pé kì í kúrò níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. "Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín nígbà ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n ní kí ẹ fi oríkì kí ọmọ sínú rẹ̀?"

"Mo rántí. Wọ́n ní kó lè dá mi mọ̀ ni."

"Inú wàláà yìí ni wọ́n kó o sí. Bó bá ti ṣí ojú ewé kan, ẹ ó pè é. Bó bá ṣí òmíràn, ẹ ó tún pè é. Wàláà ló ń yan ìwé fún un, ẹ̀yin lẹ ń mú kó fẹ́ kà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo ọmọ tó wà nílùú yìí."

Ta ni kò mọ ohun tí oríkì ń ṣe lára ọmọ Yorùbá? Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, tó ti ń wá igi tí yóò fi bá aládùúgbò jà, bí ìyá rẹ̀ bá rọra pè é ní Àkànbí, igi á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n Orí-Odò jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n ní ohun tó dùn tó báyìí kò yẹ kó máa ṣòfò lẹ́nu àwọn ìyá arúgbó. Wọ́n mú un, wọ́n fi lẹ ìwé mọ́ ọmọdé lára. Ó sì lẹ̀ dáadáa. Kò sí ìlú kankan létí òkun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣí ìwé tó ti Orí-Odò. Ohun tí wọ́n ń rí nínú ìwé ọ̀hún, ẹnikẹ́ni kò béèrè, nítorí òfin kò gbà á. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri gbọ̀ngàn náà: ÀGBÀ KÌ Í YỌJÚ SÍ ÌWÉ ỌMỌDÉ.

Ọ̀rọ̀ arúgbó tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ ti sú Tẹniọlá. Ó padà sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé wàláà lé itan, ó wọ́ ìka lójú rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ni ohùn Màmá Ìkọ̀lé wí látinú rẹ̀, ohùn rẹ̀ nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì pé. "Àwẹ̀ró ọmọ mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó tún wọ́ ìka. "Ọmọ tí a wẹ̀ tán," ni ohùn náà wí. Ó di ojú, ó tún wọ́ ọ.

Màmá Ìkọ̀lé fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde. Ó ń gbọ́ ara rẹ̀ tó ń pe ọmọ tí kò tíì gbé mọ́ra rí, ó sì dà bíi pé ẹnìkan ti jókòó sí àyè rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Inú bí i. Ojú sì tún tì í pé ohùn ara òun ni òun ń bínú sí. Ó gba ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì náà yọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú lórí èjìká ọmọ náà.

"Màmá, ẹ má wò ó," Ìbíyẹmí wí kíákíá. "Ẹ jọ̀ọ́. Òfin ni."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni arúgbó náà fèsì, ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó fún ojú pọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ló kà á síta díẹ̀díẹ̀. "'Má ṣe fi ọwọ́ tó tutù kàn án. Má ṣe sá a sínú oòrùn. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, gbé e padà fún àwọn tó gbé e fún ọ.' Ìbíyẹmí, irú ìtàn wo nìyí?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti so wàláà mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, bí ìyàwó ilé ṣe ń sá fún orúkọ àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ ni Ìbíyẹmí ṣe ń sá fún ojú rẹ̀. Bó bá fẹ́ bọ́ ọmọ lóńjẹ, iwájú ló ń jókòó sí. Bó bá fẹ́ dirun fún un, yóò yí wàláà náà sódì lẹ́yìn tó bá ti di ojú ara rẹ̀. Ó sì ti máa ń ro ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹyẹ ló wà níbẹ̀, pé ọmọ ọba ló wà níbẹ̀, tàbí ẹja tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bàbá ọmọ náà, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ògiri òkun, kì í kọ ìròyìn sílé kó má béèrè pé ìtàn wo lọmọ òun ń kà báyìí. Ìbíyẹmí á fèsì pé ìtàn dáadáa ni.

Ẹsẹ̀ gbé e, kò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì. Ó wò ó. Ọmọ náà wọ́ ìka: àwòrán wáyà méjì àti ihò tí a ń kì wọ́n bọ̀. Ó tún wọ́ ọ: "Ẹ kú oríire wàláà tuntun yín." Ìwé ti padà síbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tẹniọlá kò mọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àwẹ̀ró," Ìbíyẹmí pè é fúnra rẹ̀.

Ọmọ náà kò dáhùn. Kò dáhùn rí. Bó ṣe máa ń ṣe nílé náà nìyí, tí Ìbíyẹmí á sì máa fi í yangàn fún àwọn ará ilé pé ọmọ òun, bó bá ti ń kàwé, kì í gbọ́ ìpè. Ó rántí ẹ̀rín tó ń rín nígbà tó ń sọ ọ́. 

Ilẹ̀kùn ìwọ̀n ṣí. "Tẹniọlá, ọmọ Ìbíyẹmí," ni obìnrin kan pè. Ìyáàfin Ọdúnlámì ni, Olùwọ̀n tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, obìnrin jẹ́jẹ́ tó wọ aṣọ funfun, tí kì í gbé ohùn sókè. Bó ṣe rí arúgbó, ó tẹ orúnkún kí i. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ni ohùn. Ẹ kú ọ̀nà o. Ohùn yín yìí, a máa ń fi kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sẹ́nu iṣẹ́, pé bó ṣe yẹ kí wọ́n máa pe ọmọ nìyẹn."

Wọ́n wọlé. Yàrá náà kò ní ju àga díẹ̀ lọ, pẹ̀lú ògiri kan tó ń tàn. Olùwọ̀n fi òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àtàǹpàkò Tẹniọlá, ìlà kan sì jáde lára ògiri, ó ń fò bí àyà ọmọ náà ṣe ń lù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," Ìbíyẹmí wí, "ìwé wo lọmọ mi ń kà?"

Ọwọ́ Olùwọ̀n dúró. "Ta ló wo ìwé ọmọ?"

"Èmi ni," Màmá Ìkọ̀lé dá a lóhùn. "Ẹ mú mi."

Ìyáàfin Ọdúnlámì wò ó títí, lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. "Kò burú. Ẹ ti wọ yàrá ìwọ̀n, kò sí èèwọ̀ mọ́. Ẹ̀tọ́ òbí ni láti mọ̀ níbí." Ó fọwọ́ kan ògiri, orúkọ ìwé kan sì yọ, òun nìkan: *Ìlànà Ìtọ́jú Wàláà.*

"Àwọn tó kù ńkọ́?" Ìbíyẹmí béèrè.

"Àwọn wo?"

"Àwọn ìwé tó kù. Ọdún dé, ọdún lọ, ó ń kàwé lójoojúmọ́ ayé."

"Èyí ló ń kà," Olùwọ̀n wí. Inú rẹ̀ dùn, ó hàn lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, mà. Wàláà kì í yàn fún ọmọ ní ìyànkuyàn. Àyà ọmọ ló ń wò. Nígbà tó ṣí ìwé àkọ́kọ́ fún Tẹniọlá, àyà rẹ̀ fò dé òkè pátápátá. Wàláà wá mọ̀ pé ìwé tí ọmọ yìí fẹ́ nìyí. Kí ló tún fẹ́ máa wá kiri? Láti ọjọ́ náà, kò sí ojú ewé kan tí àyà rẹ̀ kò fò sí."

"Ìwé àkọ́kọ́ tó ṣí," Ìbíyẹmí wí, ó ń wá ọ̀rọ̀ jọ, "ṣé ìwé tó bá a wá nínú páálí ni?"

"Òun ni. Wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ìfẹ́ wọn ga jù nílùú yìí, ìwé kan náà yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ń kà."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí èèyàn ṣe ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ìbíyẹmí di àga mú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ó ronú àwọn ọmọ tó kún gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ tó kún ojú afárá ní ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo wọn tẹ orí ba tí wọ́n ń wọ́ ìka, tí àwọn àlejò láti ìlú mìíràn á dúró máa yìn wọ́n. Ìlú ọlọ́mọ tó ń kàwé. Ó fẹ́ kígbe, ó kàn rẹ́rìn-ín kan tí kò dára ni.

"Ìyáàfin, ọmọ mi kò tíì gbọ́ ìtàn kan ṣoṣo rí."

"Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé kíkà, mà. Ẹ wò ó." Ó ní kí Tẹniọlá wọ́ ìka. Ohùn inú wàláà pè é, ìlà ara ògiri sì fò sókè débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. "Kí lẹ tún fẹ́ kó fẹ́ràn jùyẹn lọ?"

"Èmi ló fẹ́ràn," Màmá Ìkọ̀lé wí.

Wọ́n yíjú sí i. Arúgbó náà ti jókòó, ó ń wo ìlà ara ògiri tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ẹ pè é bó ṣe wù yín. Èmi ni àyà rẹ̀ ń fò sí. Láti ọjọ́ tó ti dáyé ló ti ń wá mi nínú nǹkan yìí, àṣé ẹ̀yin ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Nígbà tí èyí wà ní kékeré," ó fi ẹnu júwe Ìbíyẹmí, "ìwé ọ̀pọ̀lọ́ ló mú. Mo mú ti ẹṣin wá, ó kọ̀. Mo mú ti àwọn ọmọ tó lọ sóko wá, ó jù ú sínú ẹ̀gúsí tí mo ń bó. Ọ̀pọ̀lọ́ ló fẹ́. Mo ka ọ̀pọ̀lọ́ títí ọ̀pọ̀lọ́ fi sú mi."

"Ẹ ò rí i?" Olùwọ̀n wí, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwé kan náà ni tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọdé ṣe rí nìyẹn."

"Bó ṣe rí ni. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n kà á já rí. Níbo ni ọ̀pọ̀lọ́ ń sùn? Ta ni ìyá rẹ̀? Kí ló dé tí kò wọ ṣòkòtò? Bí mo bá fo ìlà kan nítorí oorun, á ní kí n padà. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ògiri yín, kí lọmọ yìí ti bi wàláà rí?"

"Wàláà kì í dáhùn ìbéèrè, Màmá. Ìbéèrè ń dín ojú ewé kù."

Tẹniọlá tún wọ́ ìka, wàláà pe Àwẹ̀ró.

"Ṣé a lè pa ohùn náà?" Ìbíyẹmí béèrè.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ojú Ìyáàfin Ọdúnlámì yí padà. Ó fa àga súnmọ́ ọn, ó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. "Òbí lè pa á. Òbí nìkan ni, kí ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ti pa á, kò ní padà mọ́ láéláé. Mi ò sì tíì rí ọmọ kan tí wọ́n pa ohùn fún kó yege. Ẹ gbọ́ mi, mà. Bí mo bá wọ̀n ọ́n báyìí, Ilé-Ìwé Òkè ló ń lọ. Ẹ rí ìlà rẹ̀. Tí ẹ bá pa ohùn, abẹ́ àjà ìlú ni, nísàlẹ̀ níbi omi. A kì í wọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì."

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún Ìbíyẹmí nípa abẹ́ àjà. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Níbi tí omi ti ń gbá òpó ìlú, ó ń fi ọ̀bẹ ha ìgbín omi kúrò lára wọn, omi dé orúnkún, iná kò tó, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbẹ rí láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá fìdí rẹmi níbi ìwọ̀n, abẹ́ àjà náà ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n dàgbà síbẹ̀. Ilé-Ìwé Òkè wà lókè pátápátá, ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí oòrùn ti ń wọ ojú fèrèsé, tí olùkọ́ ti ń jókòó ti ọmọ. Ní gbogbo ìgbà tó ń ha òpó, òkè yẹn ló ń rò fún Tẹniọlá. Kò ní ìfẹ́ ọkàn mìíràn fún ọmọ náà.

"Bó bá yege, kí ni wọ́n máa fún un kà lókè?"

"Ìwé tó bá fẹ́ràn."

"Ìwé yìí?"

Olùwọ̀n mi orí pé òun ni.

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí yóò fi gbọ́n tó láti yan tirẹ̀. Ohùn á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ìbíyẹmí wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àga tó ga jù ú lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, ìka rẹ̀ ń lọ, ìka rẹ̀ ń bọ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ tòótọ́ wà níbẹ̀, kò jìnnà tó apá, ọmọ náà kò tiẹ̀ wo ibi tó wà. Òkè gbẹ, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ó bá gòkè báyìí, ta ló gòkè? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó rántí ìka náà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀, àti bí ètè arúgbó náà ṣe wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò sì yẹ orí.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń pa á?" ó béèrè.

"Ẹ gbé wàláà dání, kí ẹ pe ẹni tó ni ohùn bí ẹ ṣe ń pè é, kí ẹ wá ní kó dákẹ́."

Ìbíyẹmí gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Láti kékeré títí tó fi lọ sílé ọkọ, títí di òní, kò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ìyá rẹ̀ rí. Ọmọ wo ló ń sọ fún ìyá tó bí i pé kó dákẹ́?

"Màmá," ó wí.

"Má wojú mi," ni Màmá Ìkọ̀lé wí. "Ojú nǹkan yẹn ni kí o máa wò. Sọ ọ́."

"Màmá, tó bá lọ sí abẹ́ àjà..."

"Mo mọ̀. Ìwọ lo ni ọmọ. Ohun tí o bá ṣe ni mo bá ọ ṣe. Ṣùgbọ́n bí o bá máa sọ ọ́, tètè sọ ọ́, nítorí ó ń dùn mí."

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ó rọra yọ okùn lọ́rùn ọmọ náà, ó gba wàláà lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹniọlá jẹ́ kó gbà á, ó rò pé wọ́n fẹ́ nù ún ni. Ìbíyẹmí gbé e sókè, ó pe ìyá rẹ̀.

"Ìbíyẹmí ọmọ mi," ni wàláà dáhùn, "ṣé o fẹ́ kí n dákẹ́ ni?"

Màmá Ìkọ̀lé fò dìde lórí àga. "Mi ò sọ ìyẹn. Mi ò sọ ìyẹn rí láyé mi."

"Ẹ̀rọ ló hun ún jọ látinú ohùn yín, Màmá," Olùwọ̀n wí. Kò lè wo ojú rẹ̀. "Kí òbí má baà kánjú ni."

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" ni wàláà tún béèrè, ohùn ìyá rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́. "Kí ni mo ṣe, ọmọ mi?"

Ìbíyẹmí kò gbé e sílẹ̀. Omijé ń já bọ́ sórí wàláà náà. Ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ tòótọ́ ṣe ń mí gúlegúle lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Màmá," ó wí. "Ẹ dákẹ́."

Wàláà dákẹ́.

Ó gbé e padà fún ọmọ. Tẹniọlá gbà á, ó wọ́ ìka. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún wọ́ ọ, ó gbé e sétí, ó mì í. Ìyáàfin Ọdúnlámì ti fọwọ́ kan ògiri, ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, òfin kò ní kó dúró. Ìlà tó ń kan àjà lẹ́ẹ̀kan wó lulẹ̀, ó sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì ké. Igbe náà kò jọ igbe ìbínú, kò sì jọ ti ọmọ tó fẹ́ nǹkan. Ó ké bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé mọ́. Ó ju wàláà sílẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó dojú bolẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀.

"Ẹ dá a padà. Mọ́mì, ẹ dá a padà."

Màmá Ìkọ̀lé la ẹnu láti pè é. Oríkì náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá pè é báyìí, ìka yẹn ni yóò tún nà sí òun. Ó kàn lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

"Ó tán, mà," Olùwọ̀n wí nígbà tó yá. Ó bọ́ òrùka lọ́wọ́ ọmọ tó ń sunkún. Lára ògiri, ọ̀rọ̀ méjì ló yọ: KÒ FẸ́RÀN. "Mo ti sọ fún yín. Ó dùn mí o." Ó sì dùn ún lóòótọ́, ó hàn. "Ẹ máa mú un lọ sí abẹ́ àjà lọ́jọ́ Ajé. Wàláà di ti yín, kò sí ohun tí a fẹ́ fi ṣe."

Ìbíyẹmí ṣì wà lórí eékún. Ó ń wo ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Òun ni òun fi ọwọ́ ara òun tì í sínú omi, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Kí ni òun fẹ́ sọ fún bàbá ọmọ náà? Pé òun gba Òkè lọ́wọ́ ọmọ, òun kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀? 

Ẹkún ọmọ náà ti rẹlẹ̀. Ó ti ké, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó wá ń ṣe òsúkè lórí ilẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́lẹ̀. Wàláà tó jù sílẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ òkè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn sójú ọmọ náà. Ó wò ó. Kò na ìka. Ó kàn ń wò ó, òsúkè kan, òsúkè kejì. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè díẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ń sunkún," ó wí.

Ìyáàfin Ọdúnlámì, tó ti di ilẹ̀kùn mú láti pe ọmọ mìíràn, dúró.

"Kí lo wí?" Màmá Ìkọ̀lé béèrè, ohùn rẹ̀ kò ju kí ọmọ náà gbọ́ lọ.

"Ọwọ́ yìí." Àwòrán kan ni, ọwọ́ tí omi ń kán lára rẹ̀, tí wọ́n fa ìlà pupa dábùú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn pé kí ó má ṣe fi ọwọ́ tútù kan wàláà. Ọmọ náà ti ṣí ojú ewé náà kọjá láìmọye ìgbà. "Ó ń sunkún. Ta ló nà án?"

 Arúgbó náà rọra gbé orí ọmọ náà kúrò nílẹ̀, ó fi lé itan ara rẹ̀, ọmọ náà sì gbà fún un. "Ìwọ rò pé ta ni?"

Tẹniọlá rò ó. Ó fa imú sókè, ó wo ọwọ́ inú ìwé náà, ó wo omi tó ń kán, ó wo ìlà pupa.

"Mọ́mì rẹ̀ ni," ó wí. "Kí ló ṣe fún un?"

Ìbíyẹmí rìn lórí eékún títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọmọ náà, ó nu ojú, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ tí omi abẹ́ àjà ti bó sí wàláà náà.

"Sún un wá," ó wí, "kí èmi náà rí i."